Góòlù, Iyùn àti Òkúta Òkè-Ògùn: Kí Ni À Ń Fowó Wa Rà?

Bí ìgbéyàwó bá ti ń súnmọ́ ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ aṣọ òkè ni ẹbí kọ́kọ́ máa ń jókòó lé lórí. Gbogbo ìyá ìyàwó ló mọ bí a ṣe ń yẹ aṣọ òkè wò. Wọn á fọwọ́ pa á, wọn á nà án sí ìmọ́lẹ̀, wọn á wo ìdí òwú rẹ̀, bí kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á kọjá sọ́dọ̀ aláṣọ tó kàn. Ṣùgbọ́n tó bá kan góòlù àti ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ìyá kan náà á dákẹ́. Ẹni tó fi odidi àárọ̀ ná aṣọ á ka owó tó ju ti aṣọ lọ sílẹ̀ fún ṣéènì kan, nítorí pé ọlọ́jà sọ pé, "Dubai ni, Mọ́mì, kì í ṣá." Èyí ń dùn mí, torí pé nínú gbogbo ohun olówó ńlá tí à ń rà, góòlù wà lára èyí tó rọrùn jù láti dán wò.

Òkè-Àdó wà níbi tí gbogbo irú ẹ̀ṣọ́ ti ń kọjá. Láti ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré tí wọ́n ṣí ní 1960 pẹ̀lú orúkọ Liberty, ènìyàn lè gba Mọlété lọ sí Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, títí dé ìdí Gbọ̀ngàn Mápó tó ti ń gba àlejò ayẹyẹ láti 1929. Ó sì lè gba Òkè-Bọ́lá bọ́ sí Dùgbẹ̀ àti Ògùnpa. Góòlù, ìlẹ̀kẹ̀ àti òkúta wà lọ́nà gbogbo wọn, ògidì àti ayédèrú lórí àtẹ kan náà. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi yẹ gbogbo wọn wò: bí mo bá fẹ́ tà á padà lọ́la, ta ni yóò rà á, kí ni yóò sì wò kó tó dárúkọ owó? Ìdáhùn ti góòlù yàtọ̀ sí ti iyùn, ti iyùn náà sì yàtọ̀ sí ti òkúta.

Góòlù ló ní ìdáhùn tó ṣe kedere jù. Góòlù tí kò ní àdàlù kankan rọ̀. Bí a bá fi ṣe òrùka, yóò tẹ̀, yóò sì ha. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń po fàdákà, bàbà àti irin mìíràn mọ́ ọn. Ọ̀nà mẹ́rìnlélógún ni wọ́n pín in sí, káráàtì 24 sì ni góòlù ògidì. Káráàtì 22, tí wọ́n fẹ́ràn ní Íńdíà àti Dubai, ní ìdá 22 góòlù àti ìdá 2 irin mìíràn, 916 ni wọ́n sì máa ń lù sí i lára. Káráàtì 21, tí ọ̀pọ̀ Alhájà máa ń gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, ní 875. Káráàtì 18, tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn ará Ítálì, ní 750, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Káráàtì 14 ní 585. Káráàtì 9 ní 375, tó fi hàn pé ohun tó ju ìdajì ẹ̀ṣọ́ náà lọ kì í ṣe góòlù rárá. Nítorí náà, orúkọ ìlú kò sọ iye góòlù tó wà nínú ẹ̀ṣọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ló ń sọ ọ́, òṣùwọ̀n sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Áwúǹsì ni wọ́n fi ń ka owó góòlù lágbàáyé, áwúǹsì góòlù kan sì jẹ́ gíráàmù 31.1. Ní oṣù Òkítóbà 2025, áwúǹsì kan kọjá dọ́là 4,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní iye yẹn, gíráàmù kan góòlù ògidì ju dọ́là 128 lọ díẹ̀. Ṣéènì káráàtì 18 tó wọn gíráàmù 10 ní góòlù ògidì gíráàmù 7.5 nínú, iye góòlù inú rẹ̀ ju dọ́là 960 lọ díẹ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ tí ẹ ń rajà, kí ẹ sọ ọ́ di náírà. Ohun tí ọlọ́jà bá fi lé e ni owó iṣẹ́ àti èrè rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kó jèrè. Ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tí èrè náà jẹ́, torí pé lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹni tó ń ra àlòkù góòlù kò ní san kọ́bọ̀ lórí ọnà ara rẹ̀. Yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò sì rò ó bí ohun tí òun máa yọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sí i lára náà ńkọ́? Wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ góòlù nígbà tí ẹ ń rà á, wọ́n á sì hó o dànù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá ń tà á.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi góòlù pa owó mọ́ pé kó ra èyí tí iṣẹ́ ara rẹ̀ kéré jù: ẹ̀gbà ọwọ́ tó dán lásán, òrùka tí kò ní ọnà, káráàtì 21 tàbí 22. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi owó àjọ ra góòlù díẹ̀díẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Júùnù 2023, tí dọ́là sì fò sókè, ẹni tó ní gíráàmù 20 nínú àpótí kò jẹ irú ìyà tí ẹni tó kó náírà pamọ́ jẹ. Síbẹ̀ góòlù a máa wálẹ̀. Ní 2011, áwúǹsì kan kọjá dọ́là 1,900. Nígbà tí 2015 fi máa parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,050. Owó tí a ó fi san owó ilé ìwé ọmọ lóṣù tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú góòlù, ẹni tó bá sì yáwó ra góòlù fún àpọ́nlé ọjọ́ kan ṣoṣo ń fi ara rẹ̀ sínú ewu.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Àmì ara rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n àmì nìkan kò tó. Ní London, láti 1300 ni òfin ti wà pé kí àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ góòlù yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó lu àmì sí i. Íńdíà sọ ọ́ di dandan ní oṣù Júùnù 2021, ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí olùrajà lè yẹ̀ wò lórí fóònù. Àmì tí à ń rí lọ́jà tiwa, ẹni tó ṣe ẹ̀ṣọ́ náà ló sábà máa ń lù ú fúnra rẹ̀, irin tí wọ́n sì fi ń lù ú kò wọ́n. Ẹ wo lẹ́tà tó bá tẹ̀lé nọ́ńbà dáadáa. Bí ẹ bá rí 18K tí GP tàbí GEP tẹ̀lé e, omi góòlù ni wọ́n kàn fi bo irin mìíràn. Bí ẹ̀ṣọ́ aláwọ̀ góòlù bá ní 925 lára, fàdákà ni inú rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí a ra èyí tí wọ́n fi omi góòlù bò, bó bá jẹ́ owó rẹ̀ gan-an la san. Ibi tó ti burú ni kí a san owó góòlù lé e.

Alágbẹ̀dẹ góòlù tó mọṣẹ́ ní òkúta dúdú kan tó máa ń fi ẹ̀ṣọ́ ha, yóò kán áásíìdì sí ojú ilà tó fà. Áásíìdì wà fún káráàtì kọ̀ọ̀kan. Bí góòlù náà bá rẹlẹ̀ sí ohun tí wọ́n pè é, ilà náà á pòórá. Ẹ jẹ́ kó ṣe é lójú yín. Òòfà tún wúlò, ṣùgbọ́n irin lásán ló ń tú fó. Idẹ àti bàbà kò ní fà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ sì ni idẹ ni ayédèrú tó pọ̀ jù. Ẹ má fi eyín gé e wò: òjé náà rọ̀. Àwọn oníṣòwò ńlá ní ẹ̀rọ XRF tó ń fi ìtànṣán ka ohun tó wà nínú irin, àmọ́ ojú ẹ̀ṣọ́ ló ń kà, ohun tí wọ́n fi góòlù nípọn bò lè tàn án jẹ.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù kò ju omi àti òṣùwọ̀n kékeré lọ. Góòlù wúwo ju ọ̀pọ̀ irin lọ. Ògidì rẹ̀ wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19.3, idẹ kò ju nǹkan bí ìlọ́po 8.5 lọ. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ wá fi òwú so ẹ̀ṣọ́ náà rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀. Ohun tí òṣùwọ̀n bá kà ni ìwọ̀n omi tí ẹ̀ṣọ́ náà tì kúrò. Ẹ fi pín ìwọ̀n ẹ̀ṣọ́ náà. Ẹ̀gbà káráàtì 18 tó wọn gíráàmù 10 yóò ti omi tó tó nǹkan bíi gíráàmù 0.65, nígbà tí idẹ gíráàmù 10 yóò ti nǹkan bíi 1.2. Ìyàtọ̀ náà tóbi débi pé òṣùwọ̀n tí kò wọ́n lè fi í hàn. Ohun tí ihò wà nínú rẹ̀ tàbí tó ní òkúta lára kò ṣeé dán wò báyìí. Ó sì tún ní ibi tó kù sí: tungsten fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó góòlù gẹ́lẹ́, àwọn jìbìtì sì ti fi góòlù bò ó rí láti ṣe ayédèrú bulọ́ọ̀kù góòlù. Nínú òrùka àti ṣéènì, mi ò rò pé ó yẹ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́.

Góòlù funfun pẹ̀lú yẹ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí, torí àwọn ọ̀dọ́ ló ń rà á jù fún òrùka ìgbéyàwó. Góòlù ni, tí wọ́n po pálédíọ̀mù tàbí níkẹ́ẹ̀lì mọ́, tí wọ́n sì sábà fi ródíọ̀mù bò kó lè máa kọ mànà. Ìbòrí náà á jẹ lọ́jọ́ kan, àwọ̀ ìyeyè á yọ. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú. Níkẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Òun ló sábà ń mú kí etí wú, kó máa yún, kó sì máa ṣomi lẹ́yìn tí ènìyàn bá wọ yẹtí olówó pọ́ọ́kú. Ní ti fàdákà, 925 ni kí ẹ wá, ẹ má sì bẹ̀rù bó bá dúdú: súfúrù inú afẹ́fẹ́ àti inú òógùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, yóò sì mọ́ bí a bá nù ún. Owó rẹ̀ kéré sí ti góòlù jìnnà, nítorí náà owó iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń san.

Iyùn kò gba òfin góòlù rárá. Kí góòlù tó gbilẹ̀ láàárín wa, ìlẹ̀kẹ̀ ni a fi ń mọ ọba, ìjòyè àti ọmọ olówó. Egungun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun ni iyùn, èyí tó níyì jù sì ń ti òkun Mẹditaréníà wá. Àwọn Potogí ló ń kó o wá sí Bìní láti ohun tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó yá, àwọn ará Lẹ́bánónì dé, tí àwọn baba wa ń pè ní Kóráà, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kiri kí wọ́n tó di onílé ìtajà aṣọ ní Gbági àtijọ́.

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní iyùn lónìí ni ike, gíláàsì, tàbí irú iyùn funfun kan tí wọ́n rẹ sínú aró pupa. Iyùn gidi tutù lọ́wọ́ nígbà tí a bá kọ́kọ́ gbé e, ó sì wúwo ju ike lọ dáadáa. Ẹ mú òwú, ẹ fi omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ sí i, kí ẹ nu ìlẹ̀kẹ̀ kan níbi tó fara sin; bí òwú bá pupa, aró ni. Abẹ́rẹ́ gbígbóná á mú kí ike rùn. Ẹ wo ihò rẹ̀ pẹ̀lú: àwọ̀ inú ihò yẹ kó bá ti ìta mu. Wọ́n tún lè kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó hó, torí ẹfun ni iyùn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀, nítorí pé hóhó náà ni jíjẹ tó ń jẹ ẹ́. Fún ìdí kan náà, ẹ fín lọ́fínńdà kí ẹ tó wọ iyùn, ẹ má sì fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́.

Ta ni yóò ra iyùn padà? Bóyá kí oníìlẹ̀kẹ̀ kan rà á ní ìlàjì owó, bóyá kó má sì rà á rárá. Kò sí owó iyùn kan tí gbogbo ayé fi ẹnu kò lé lórí bíi ti góòlù. Iye rẹ̀ wà nínú pé ìyá àgbà wọ̀ ọ́, ọmọ wọ̀ ọ́, ọmọ-ọmọ yóò wọ̀ ọ́. Nítorí náà èrò mi ni pé kí ìyàwó tí owó rẹ̀ kò tó iyùn gidi lọ yá ti ẹbí, tàbí kó háyà rẹ̀ fún ọjọ́ náà. Kó má ra ike ní owó iyùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ohun òkèèrè nìkan ni ìlẹ̀kẹ̀ tó níyì. Abídèmí Babátúndé Babalọlá walẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ níbẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ló po gíláàsì náà fúnra wọn, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àpòpọ̀ rẹ̀ kò bá ti ibòmíràn lágbàáyé mu. Ní Ìlọrin, àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ìran wọn ti Ọ̀yọ́ Ilé wá ń gbẹ́ òkúta pupa di ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà, wọ́n ń lu ihò sí i pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tó bá jogún ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi tàbí làǹtànà gidi, kó má fi tọrẹ nítorí pé kò dán bíi ti òde òní.

Ọ̀rọ̀ òkúta ló ń ká mi lára jù. Ní 1998, wọ́n kan òkúta tourmaline pupa ní Òkè-Ògùn, ó sì pọ̀ débi pé àwọn oníṣòwò òkúta káàkiri ayé gbọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, garnet aláwọ̀ ọsàn jáde ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ní 2001, irú tourmaline búlúù tí bàbà ń fún ní àwọ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Brazil ní ìparí àwọn ọdún 1980, tún jáde ní Nàìjíríà. Èyí tó bá dára jù lọ nínú irú rẹ̀ lè ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ fún káráàtì kan. Káráàtì òkúta yàtọ̀ sí ti góòlù o: ìwọ̀n ni, márùn-ún rẹ̀ ló pé gíráàmù kan. Òjòó, níbí ní Ìbàdàn, ni ọ̀pọ̀ òkúta wọ̀nyí ń dé sí, láàárín àwọn oníṣòwò Hausa, Yorùbá àti àwọn àlejò tó wá rajà.

Ṣùgbọ́n ní tútù, láìgé, ni wọ́n ń lọ sí òkèèrè. Bangkok, Jaipur ní Íńdíà àti Idar-Oberstein ní Jámánì ni wọ́n ti lókìkí fún gígé òkúta. Wọ́n á gé e, ohun tó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ sì lè di ìyẹ̀fun, síbẹ̀ èyí tó kù á níye ju odidi rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ọmọ Òkè-Àdó tó wà ní London á wá rí òkúta ilẹ̀ baba rẹ̀ nínú gíláàsì ìtajà, kò sì ní mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ohun tí a ń ṣe sí òkúta Òkè-Ògùn gan-an nìyẹn.

A tún ń san owó mìíràn tí kò sí lórí risíìtì. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Jánúárì 2024, nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà àtijọ́. Ó wó ilé, ó mi gbogbo ìlú, ènìyàn márùn-ún ó kéré tán sì kú. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò ní ìwé àṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Òfin ìwakùsà ti 2007 fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ibi ìwakùsà ńlá bíi Segilola ní ìhà Iléṣà, tó yọ góòlù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2021, sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìwé àṣẹ. Olùrajà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí ohun tó fẹ́ kó sọ́rùn ti wá.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òkúta, ẹ rà á torí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ oníṣòwò kì í rí owó rẹ̀ gbà padà lórí òkúta, pàápàá dáyámọ́ńdì. Láti 1954 ni wọ́n ti ń ṣe dáyámọ́ńdì nínú ẹ̀rọ, ojúlówó ni, owó rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ púpọ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Òkúta mìíràn tí wọ́n ń pè ní moissanite sì wà tó lè tan ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń dán dáyámọ́ńdì wò jẹ. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá wo inú òkúta: bí ẹ bá rí ihò afẹ́fẹ́ roboto bíi ti ìfófó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gíláàsì. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi iná yan án tàbí wọ́n ti fi gíláàsì dí ìlà inú rẹ̀. Rúbì tí wọ́n fi gíláàsì dí kò níye rárá bíi ti ògidì. Ẹ sì rántí pé eruku ọyẹ́ ní yanrìn wẹ́wẹ́ nínú, ohun tó bá rọ̀ ju yanrìn lọ yóò máa ha. Tourmaline tirẹ̀ á fara dà á.

Ní tèmi, bí mo bá ní owó òrùka kan, alágbẹ̀dẹ góòlù Ìbàdàn ni mo fẹ́ kó fi góòlù káráàtì 18 gbé tourmaline Òkè-Ògùn kalẹ̀ fún mi. Kí ẹ sì tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí ọlọ́jà kọ ọ́ sínú risíìtì: ìwọ̀n góòlù láìka òkúta, káráàtì rẹ̀, orúkọ òkúta, ohun tí wọ́n ṣe sí i, ọjọ́ àti iye owó. Bó bá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì, ẹ̀rí-ọkàn ni tiwa," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.